Àwọn Orin Tí Wọ́n Fi Ike Bò

Dọlápọ̀ Àkànó ti gé etí kan kúrò, ó ku mẹ́ta. Ó tẹ orí ba tábìlì, ó fi ìka ọwọ́ òsì tẹ ike náà mọ́lẹ̀, ó sì ń fi abẹ tuntun là á díẹ̀díẹ̀ bí agbẹ̀bí tó ń gé ìwọ́. Kò gbé orí sókè nígbà tí Bàbá Akọ̀wé bi í bóyá ó ń lọ dáadáa. Ẹni tó ní abẹ lọ́wọ́ kì í dáhùn ìbéèrè.

Sídíì ni ohun tó wà nínú ike náà, àwo pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ nǹkan pamọ́ sí. Ẹnì kan ti ṣe laminéṣọ̀n sí i lójú méjèèjì, ó sì fi etí ike sílẹ̀ yí i ká ní ìwọ̀n ìka kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún ìwé-ẹ̀rí tí èèyàn gbà ní ilé-ìwé. Ihò àárín rẹ̀ pàápàá, ike ti dí i. Ó dán, ó mọ́, ó ṣe é gbé kọ́ ara ògiri. Kò sí kọ̀ǹpútà kan láyé tó lè kà á.

"Ṣé orin ìyá wà níbẹ̀?" Sabina, ìyàwó Bàbá Akọ̀wé, béèrè láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Ìgbà kẹta nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà.

"Mi ò tíì mọ̀, mà," ni Dọlápọ̀ wí, ó sì yí ike náà sí etí kejì.

Ìyá tí Sabina ń béèrè orin rẹ̀ ni Ìyá Adéjìmí, àbúrò ìyá tó bí i. Ó kú ní oṣù kìíní. Kó tó kú, ó ti kọ orin mọ́kànlélógójì sí etí Bàbá Akọ̀wé, orin ìsìn tí kò sí nínú ìwé kankan, tí ẹlòmíràn kò sì mọ̀ mọ́, nítorí pé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n kó wọn sí. Ní ọjọ́ Túsìdé, háàdì dísìkì kọ̀ǹpútà náà, ibi tí gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ máa ń gbé, bẹ̀rẹ̀ sí í dún kì-kì-kì bí aláǹgbá tó há sínú agolo. Nígbà tó fi di ọ̀sán ó ti dákẹ́, kò sì tún jí. Bí orin ìyá náà bá wà níbì kankan láyé mọ́, inú àwo tí wọ́n fi ike bò yìí ni.

Orúkọ Bàbá Akọ̀wé gan-an ni Raphael Ikúmápàyí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ará Ìlàjẹ láti etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn ní iléèwòsàn eegun ní Ìgbóbì, fáìlì kan kò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Lọ́dún 1974 ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àkọsílẹ̀ nípasẹ̀ lẹ́tà: ilé-ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ń fi ìwé ránṣẹ́ sí i, òun ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà. Ẹ̀kọ́ méjìlá ni, ó yege nínú gbogbo wọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìjọ wọn ní Bárígà fi í ṣe akọ̀wé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ ṣe: kó kó àwọn orin tí àwọn ìyá ìjọ ń kọ létí ọ̀sà, nígbà tí wọ́n bá ń yan ẹja, jọ sínú ìwé kan, kí wọ́n tó kú tán.

Dọlápọ̀ ló ta kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ náà fún un. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Ṣómólú ni, ó sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti Onípànù dé Akọka. Ní oṣù kẹrin ọdún 2002, nígbà tí orin inú ẹ̀rọ pé ọgọ́rùn-ún, ó kìlọ̀ fún Bàbá Akọ̀wé pé kó má fi gbogbo rẹ̀ sójú kan. Ó ní kó ra fílópì méjì, àwo kékeré onígun mẹ́rin tí wọ́n ń tà ní gbogbo ìsọ̀ ìwé, kó máa da orin kọ sí wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kó fi ọ̀kan sílé, kó fi èkejì sí ilé ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Bàbá Akọ̀wé dúpẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun yóò ṣe ìwádìí.

Ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà fi àkókò ṣòfò tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí: kó pè é ní ìwádìí. Oṣù márùn-ún gbáko ni ìwádìí yìí gbà. Ó kà nínú ìwé ìròyìn pé sọ́fítíwíà wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ètò tí wọ́n ń kó sínú kọ̀ǹpútà kó lè máa da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ síbòmíràn, kó sì lè dá a padà bí ẹ̀rọ bá kú. Bákọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Bàbá Akọ̀wé mọ bí a ti ń yan nǹkan. Ẹ̀kọ́ kẹsàn-án nínú méjìlá rẹ̀ dá lé e lórí. Ó fi rúlà fa àtẹ máàkì kan sórí ìwé ńlá, ó kọ orúkọ sọ́fítíwíà mẹ́ta sí apá òsì, ó kọ ohun tó fẹ́ dán wò lára wọn sókè, ó sì pín ọgọ́rùn-ún máàkì sí i.

Òkìkí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, máàkì ogún. Ìwúwo ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀, máàkì ogún. Agbára láti ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn fọwọ́ kàn án, máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó rí àyè fún ẹwà páálí tí wọ́n fi dì í. Nígbà tó kan ìrọ̀rùn láti dá ohun tó sọnù padà, ó ku máàkì márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rò pé ó tó, nítorí pé ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́.

Sọ́fítíwíà kìíní wà nínú páálí búlúù, wọ́n ya àpótí irin tí wọ́n ń kó owó pamọ́ sí sójú rẹ̀. Èkejì wá láti Ìkẹjà nínú ọ̀rá lásán. Ẹ̀kẹta ti wà nínú kọ̀ǹpútà náà láti ọjọ́ tó ti dé, kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gba máàkì mọ́kànlá. Bàbá Akọ̀wé ní ohun tí kò ní páálí, tí kò ní ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò rà, kí ni èèyàn fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò? Fílópì méjì tí Dọlápọ̀ wí kò tilẹ̀ rí ìlà gbà nínú àtẹ náà, torí pé kì í ṣe sọ́fítíwíà.

Bó bá mọ síbẹ̀, ì bá ti yá. Ṣùgbọ́n ọdún kẹta tí àwọn sójà padà sí bárékè nìyẹn, ìdìbò sì wọ gbogbo èèyàn lára bí aṣọ tuntun. Ìjọ náà kò ra ìgbálẹ̀ mọ́ láìdìbò. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje. Ẹni méjì nínú wọn ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Wọn kò pe Dọlápọ̀ sí i, nítorí pé kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ìpàdé mẹ́rin ni wọ́n ṣe, wọ́n sun méjì síwájú. Páálí búlúù wọlé pẹ̀lú ìbò mẹ́rin sí mẹ́ta, àwọn mẹ́ta náà sì ní àwọn fara mọ́ ọn nítorí ìjọba tiwantiwa.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, gbogbo ìgbìmọ̀ péjọ sí pálọ̀ Bàbá Akọ̀wé. Wọ́n gbàdúrà. Ó tẹ bọ́tìnnì, iná kékeré ara ẹ̀rọ ń ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, sídíì jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan wá béèrè ibi tí wọn yóò tọ́jú rẹ̀ sí tí kò fi ní bàjẹ́.

Ìbéèrè yẹn kò la ìdìbò lọ. Ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ̀ ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ, ohun tó bá ṣe pàtàkì, tí kò sì gbọdọ̀ bàjẹ́, ibì kan ṣoṣo ló ń lọ. Ìwé ìbí ń lọ síbẹ̀, ìwé ilẹ̀ ń lọ síbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó Bàbá Akọ̀wé àti ti ẹ̀kọ́ méjìlá rẹ̀ ti lọ síbẹ̀. Ó gbé sídíì náà lọ fún Àlájì Kàsúmù, ẹni tí yóò tẹ ìwé orin náà, ó sì gbé e padà wálé nínú ike. Ó tì í mọ́ inú àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìdí nìyẹn tí Dọlápọ̀ fi ń fi abẹ la ike.

Ó ti gé etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, ó sì ti la ihò àárín, nígbà tí Àlájì Kàsúmù fúnra rẹ̀ wọlé. Ó ti gbọ́. Pépà ìwé orin náà ti wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ Àjíǹde sì kù dẹ̀dẹ̀. Ó kí gbogbo ilé, ó jókòó, ó wo ohun tó wà lórí tábìlì, ojú sì tì í díẹ̀. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

"Ẹ̀rọ mi kọ̀ ọ́ ni," ó wí. "Ó ní ó ti nípọn jù. Mo bá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, mo ta aṣọ bò ó lórí. Mi ò jẹ́ kó gbóná púpọ̀ o. Bíi ti ankárá ni."

"Àlájì, ẹ ò kúkú fi sítáàṣì sí i," ni Sabina wí.

"Bí Bàbá Akọ̀wé bá ní kí n fi sítáàṣì sí i, màá fi sí i. Ohun tí oníbàárà bá wí ni mò ń ṣe."

Bàbá Akọ̀wé wo òkè ilé. Dọlápọ̀ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà, ó sì tún dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku apá tó le jù. Àlájì na ọwọ́, ó ní kó jẹ́ kí òun bá a ṣí ike náà lójú méjèèjì, pé bí èèyàn bá fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í fi àmì sílẹ̀. Dọlápọ̀ gbé àwo náà jìnnà sí i. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ojú tí wọ́n kọ orúkọ sí ni nǹkan wà, kì í ṣe ojú tó ń dán. Fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó wà lábẹ́ orúkọ yẹn, lára rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sí. Bí wọ́n bá ṣí ike ojú yẹn, fàdákà á bá ike lọ, orin á sì bá fàdákà lọ. Ojú tó ń dán nìkan ni òun máa ṣí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń gbà wo inú. Ike ojú kejì á wà níbẹ̀ títí láé.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ṣí i. Ó ń fi etí abẹ gbé ike náà sókè, ó ń fi òwú tó rẹ sínú spírítì tú gọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ń nù láti àárín bọ̀ síta láìyí ọwọ́ po. Nígbà tí ike náà já tán, ó gbé àwo náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì wò ó pẹ́.

Etí rẹ̀ ti rọ́ gbẹ́dẹgbẹ̀dẹ bí etí fìlà tí òjò pa. Iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní àárín gbùngbùn, nítòsí ihò, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀ ju ti ìyókù lọ, ibẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí nìyí," ó wí, ó sì fi orí abẹ tọ́ka láìfi kàn án. "Àárín ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyókù ṣófo."

Bàbá Akọ̀wé mọ̀ pé ó ṣófo. Ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún látọjọ́ náà. Nígbà tó rí i pé gbogbo orin kò gba ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára àwo ńlá bẹ́ẹ̀, ó ní ìfiṣòfò ni, ó sì dá a lábàá pé kí wọ́n kó fọ́tò àjọ̀dún ìjọ kún un, kí wọ́n tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀, kó lè kún. Ìpàdé tí wọ́n pè lórí rẹ̀ kò pé iye, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Dọlápọ̀ bi í ohun tí fáìlì fọ́tò náà ń jẹ́. Ó ní "Àjọ̀dún" ni. Dọlápọ̀ ní sọ́fítíwíà náà ń to nǹkan bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú álífábẹ́ẹ̀tì: Àjọ̀dún ni ì bá gba àárín, Orin ì bá bọ́ sí etí tó rọ́ yìí. Bàbá Akọ̀wé, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbógun ti ìfiṣòfò, jókòó, ó sì rò ó fún ìgbà díẹ̀ pé àyè tí òun kò rí lò ló pa orin mọ́.

"Ọlọ́run ló ṣe é tí ẹ kì í wá sípàdé," ni Sabina wí.

Nígbà náà ni Dọlápọ̀ béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà tó ti rí ike náà. Ó béèrè iye orin tó wà nínú àwo náà.

"Gbogbo rẹ̀," ni Bàbá Akọ̀wé dáhùn. "Ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá. Alaalẹ́ ni sọ́fítíwíà náà ń ṣe é fúnra rẹ̀, aago méjì òru. Ìdí tí mo fi fún un ní máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn."

"Sórí kí ni, Bàbá?"

Bàbá Akọ̀wé wo àwo tó ti wà nínú ike láti oṣù kẹsàn-án.

Dọlápọ̀ kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn bi í léèrè lẹ́sẹẹsẹ. Ṣé ó máa ń tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀ di òru? Rárá o, aago mẹ́sàn-án ló máa ń pa á, kó má baà fi iná ṣòfò. Ṣé sọ́fítíwíà náà kò wá sọ nǹkan fún un láàárọ̀? Ó ń sọ. Àràárọ̀ ló ń gbé àkọsílẹ̀ kan jáde pé iṣẹ́ aago méjì kò wáyé, ṣé kí òun ṣe é báyìí? Kí ni ó ń fi dá a lóhùn? Ó ń tẹ "Rárá."

"Kí ló dé, sà?"

"Iṣẹ́ tí a fi sí aago méjì òru, aago méjì òru ló yẹ kó ti ṣe é," ni Bàbá Akọ̀wé wí. "Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwàkuwà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kò ní tán."

Àlájì Kàsúmù yọ fìlà, ó tún un dé. Bákọ́ọ̀pù, gẹ́gẹ́ bí ìjọ náà ṣe yé e sí, ìwé-ẹ̀rí ni: èèyàn gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó fi ike bò ó, ó sì ní in títí ayé. Ẹnikẹ́ni kì í padà lọ kọ nǹkan kún ìwé-ẹ̀rí.

Ó kù kí wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án. Dọlápọ̀ ti fi háàdì dísìkì mìíràn sínú kọ̀ǹpútà náà kó tó fọwọ́ kan ike, ó sì ti kó sọ́fítíwíà páálí búlúù padà sínú rẹ̀. Nọ́ńbà tí sọ́fítíwíà náà béèrè kó tó ṣí wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí Bàbá Akọ̀wé kọ ọ́ sí. Ó ti sídíì bọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà gbé e sáré, ó pariwo bí ọlọ ata, ó tì í jáde. Ó tún un tì bọ̀ ọ́. Ó tún tì í jáde.

Dọlápọ̀ yọ àwo náà sílẹ̀. Ó wá inú báàgì rẹ̀, ó mú ẹ̀rọ sídíì àtijọ́ kan jáde, èyí tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń sọ fún un láti ọdún mélòó kan pé kó jù nù nítorí pé ó ti lọ́ra jù. Ó ní ohun tó rọ́, eré ló ń pa á. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó gbé àwo náà sí i, ó sì tì í. Ó rọra yí. Ó ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yí. Lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kan jáde, ó di mẹ́ta, ó di mọ́kànlá.

Sabina ti wá dúró lẹ́yìn àga Dọlápọ̀. Kò mọ ìwé kà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà. Ó dúró síbẹ̀ títí tí nọ́ńbà náà fi dúró. Igba dín méjìlá.

"Ẹ wá orin ìyá," ó wí.

Dọlápọ̀ wá orúkọ Ìyá Adéjìmí. Ó kà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan: orin àwọ̀n tí wọ́n tún ṣe lọ́jọ́ Sátidé, orin ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ láìsí ìtukọ̀, orin ìsọmọlórúkọ mẹ́ta. Sabina ń ka ìka. Nígbà tí Dọlápọ̀ kà á tán, mẹ́tàdínlógójì ni.

"Ó ku mẹ́rin," ni Sabina wí.

Bàbá Akọ̀wé mọ mẹ́rin náà. Nọ́ńbà òjìlénígba ó lé kan títí dé òjìlénígba ó lé mẹ́rin ni wọ́n. Orí ibùsùn àìsàn ni Ìyá ti kọ wọ́n, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, òun sì tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ ní ọjọ́ kejì. Ó mọ ojú-ìwé tí wọ́n wà, ó mọ iye ẹsẹ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Kò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú wọn.

Dọlápọ̀ béèrè ìwé tó kọ́kọ́ kọ wọ́n sí. Bàbá Akọ̀wé dìde, ó mú ìwé ìkọ̀wé kan wá, ọ̀kan ṣoṣo, èyí tó fi gba gbogbo orin ìjọ sílẹ̀. Pẹ́ńsù ló fi ń kọ ọ́. Bó bá ti tẹ orin kan sínú kọ̀ǹpútà tán, á fi rọ́bà pa á rẹ́, kó lè tún kọ òmíràn sójú kan náà. Ojú ìwé náà ti fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn rí ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Dọlápọ̀ gbé e sókè sí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ là á já, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀.

Orin tí ó kù lára ti àwọn ẹlòmíràn, ìyẹn kì í ṣe ohun tó le. Àwọn tó ni wọ́n ṣì wà létí ọ̀sà, wọn yóò tún un kọ fún un, wọn yóò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ti mẹ́rin yìí ni kò ní olúwa mọ́. Bàbá Akọ̀wé jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ó rọra sọ pé òun ti tọ́jú fáìlì àwọn tí òun kò mọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan kò sọnù.

Sabina bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ pẹ́lẹ́ tí Dọlápọ̀ àti Àlájì kò gbọ́ tán. Bàbá Akọ̀wé gbé orí sókè, ó sì yí padà sí Yorùbá tí gbogbo wọn gbọ́.

"O mọ̀ ọ́n? Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tó kọ ọ́ náà. Orí itan mi ni orí rẹ̀ wà. Ẹ̀yin ń kọ̀wé, èmi ń gbè é."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò fi mí sínú àtẹ yín," ni Sabina wí.

Àlájì Kàsúmù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. Bàbá Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní kí ìyàwó òun bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà òjìlénígba ó lé kan. Sabina kò mọ nọ́ńbà orin. Èyí tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ló kọ, Bàbá Akọ̀wé sì ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń bọ̀, láìbéèrè ibi tó yẹ kó wà. Mẹ́ta wọlé pé pérépéré, pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ wọn. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, Sabina kọ ègbè rẹ̀, ó kọ ẹsẹ kìíní, ó sì dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ègbè. Ó dúró síbi kan náà.

"Ó ku ẹsẹ mẹ́ta," ni Bàbá Akọ̀wé wí.

"Àárẹ̀ ti mú un nígbà yẹn," ni Sabina wí. "Ohùn rẹ̀ kò jáde mọ́. Ẹ̀yin lẹ gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀."

Òótọ́ ni. Òun nìkan ló gbọ́ ọ, ó sì ti fi rọ́bà pa á rẹ́.

Àlájì Kàsúmù, ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè, fi ọgbọ́n dá sí i. Ó ní orin tí kò pé kì í wọ ìwé. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ kìíní náà sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé orin mìíràn, torí pé bí wọ́n bá fún un ní ojú-ìwé tirẹ̀, ìdajì rẹ̀ ni yóò ṣófo, pépà ọ̀ún sì wọ́n. Ó wo Bàbá Akọ̀wé bó ti ń sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé èrò àwọn méjèèjì máa ń pa pọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Akọ̀wé tẹ ègbè, ó tẹ ẹsẹ kìíní. Lẹ́yìn náà ó kọ nọ́ńbà méjì, ó fi ìwọ̀n ìlà mẹ́rin sílẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà mẹ́ta, ó fi mẹ́rin sílẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà mẹ́rin.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ẹ fi àyè náà sílẹ̀ fún un."

Àlájì wò ó, ó wo Sabina, ó sì mi orí pé òun ti gbọ́.

Dọlápọ̀ yọ fílópì tuntun méjì nínú báàgì rẹ̀. Ó da gbogbo orin náà kọ sí àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n gbà padà àti èyí tí Sabina kọ. Kò gba ìdajì rẹ̀. Ó ṣe èkejì. Ó fún Àlájì ní ọ̀kan, ó sọ fún un pé bó ṣe rí yẹn ni kó gbé e dé Ṣómólú. Ó fún Sabina ní èkejì, kì í ṣe Bàbá Akọ̀wé, Bàbá Akọ̀wé kò sì jiyàn. Lẹ́yìn náà ló fi sídíì náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó yọ ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ wé e, ó dé ìgò spírítì, ó sì gbá gbogbo ègé ike tó wà lórí tábìlì jọ sínú ọwọ́.

Sabina ní kó dúró jẹun. Dọlápọ̀ ní kí wọ́n má bínú, olùkọ́ kan ní Akọka ń dúró de òun, kọ̀ǹpútà olùkọ́ náà kò tíì kú, ó sì fẹ́ gba ìkìlọ̀ kí ẹ̀rọ náà tó kú. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó da ègé ike sínú agbọ̀n pàǹtí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jáde sí òpópónà.